Sàrùmí Bódìjà àti Ẹṣin Tó Ń Sá fún Ọ̀rá

Bí ẹ bá ń bọ̀ láti Sẹkitéríàtì, tí ẹ yà sínú ẹ́sítéètì Bódìjà, tí ẹ rí ọkùnrin kan tó ń bá dígí mọ́tò ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, ẹ má bẹ̀rù, orí rẹ̀ pé. Akínbíyì Bọ́láwárìn ni. Ó kàn ń bi dígí bóyá fìlà òun ti tẹ̀ síbi tó yẹ kó tẹ̀ sí ni.

Ẹ jẹ́ ká kí i dáadáa kí ọ̀rọ̀ tó lọ jìnnà, nítorí kò sí oúnjẹ tó fẹ́ràn tó ìkíni. Akínbíyì, ọkọ dígí! A-gbé-agbádá-bí-ẹni-gbé-ìlú! Ọ̀gá nínú fọ́tò, àlejò nídìí iṣẹ́! Géńdé mẹ́ta nínú agbádá kan. Ẹ bọ́ agbádá náà, ẹ ó máa wá ẹni tó wọ̀ ọ́.

Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni ọkùnrin yìí fi ṣiṣẹ́ ìjọba. Àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ kò rántí ohun kan tó ṣe níbẹ̀, àfi pé kì í dé fìlà kan náà lọ́jọ́ méjì léra wọn. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó ní kí wọ́n kọ "Olóyè" gàdàgbà sára géètì ilé rẹ̀. Ẹni tó bá bi í pé oyè wo, ìdáhùn kan náà ni yóò gbọ́.

"Ó ń bọ̀ lọ́nà."

Oyè tó ń bọ̀ lọ́nà náà ló wá di ọ̀rọ̀. Ọmọ Ọ̀dàn-Olú ni Akínbíyì, ìlú kan lọ́hùn-ún ní Òkè-Ògùn. Ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Ọ̀dàn-Olú tó ń gbé Ìbàdàn ní oyè kan tí wọ́n ń jẹ láàárín ara wọn, ọba wọn nílé sì fọwọ́ sí i. Sàrùmí ni oyè náà, olórí àwọn ẹlẹ́ṣin. Ẹni tó wà lórí rẹ̀ ti dolóògbé, àga ṣófo.

Òfin oyè yìí kò lọ́jú pọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ ẹ́ yóò gun ẹṣin níwájú ẹgbẹ́, yóò yí pápá ká lẹ́ẹ̀mẹta, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ bá a di ìjánu mú. Ọmọ ìlú tó bá ti ṣe é parí ti di Sàrùmí nìyẹn, ìbáà ní bàtà lẹ́sẹ̀, ìbáà má ní. Lẹ́yìn náà, gbogbo ọmọ ìlú tó bá wà ní pápá, olówó àti mẹ̀kúnnù, yóò kí i lórí ìdọ̀bálẹ̀ àti lórí ìkúnlẹ̀.

Apá tó kẹ́yìn yẹn ló gba oorun lójú Akínbíyì. Ó ti ń fojú inú wo gbogbo àwọn tó fi géètì rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, tí wọ́n nà gbalaja nínú koríko. Ó tilẹ̀ ti mọ àwọn tí òun kò ní tètè sọ fún pé kí wọ́n dìde.

Àwọn àgbà ẹgbẹ́ yòókù yọ ara wọn kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Eékún ń dun ọ̀kan, ẹ̀yìn ń ro èkejì, dókítà ti kìlọ̀ fún ẹ̀kẹta nípa ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó wá ku akọni kan ṣoṣo. Alága ẹgbẹ́, Alàgbà Ògúnsànyà, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, fi ojú wo akọni náà láti òkè awò.

"Akínbíyì, ṣé o ti gun ẹṣin rí?"

"Alàgbà, ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́ṣin ló ń ṣàn lára mi. Bàbá tó bí bàbá mi gun ẹṣin lọ sógun."

"Bàbá tó bí bàbá rẹ kọ́ ló fẹ́ jẹ Sàrùmí."

"Sà, ohun tó bá ti wà nínú ẹ̀jẹ̀, wọn kì í kọ́ ọ."

Alàgbà mí kanlẹ̀. Ó fún un ní ogójì ọjọ́, ó sì gbà á nímọ̀ràn pé kó wá ẹṣin àgbà, ẹṣin tó bá ti mọ ayé.

Akínbíyì gbọ́ ìmọ̀ràn náà dáadáa, ó sì gbé e sílẹ̀ níbi tó ti gbọ́ ọ. Ó forí lé Sábó, ọ̀dọ̀ Abdulrauf. Sábó ni wọ́n bí Abdulrauf sí, àárín ẹṣin ló dàgbà sí, òun ló sì máa ń fi ẹṣin yá àwọn ọkọ ìyàwó àti àwọn tó ń ṣọdún. Ó fa abo ẹṣin àgbà kan jáde, aláwọ̀ eérú, ètè ìsàlẹ̀ rẹ̀ rọ̀ wálẹ̀ bí àpò tí wọ́n ti kó ẹrù inú rẹ̀ tán. Kẹ̀kẹ́ Márúwá kan fọn fèrè lẹ́bàá etí rẹ̀. Ẹṣin náà yán.

"Màmá nìyí," ni Abdulrauf wí. "Ó ti gbé ọkọ ìyàwó tó ọgọ́rùn-ún. Ẹ lè sùn lórí rẹ̀, Olóyè, á gbé yín délé."

Akínbíyì wo ẹṣin náà bí ẹni wo ọbẹ̀ tó ti kan.

"Kí n wá gun eérú wọ inú fọ́tò?"

Ibi tó ti ń yí ojú kúrò ló ti rí ọ̀dọ́ akọ ẹṣin kan ní ìkángun ọgbà. Ó funfun báláú, irun ọrùn rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́, òun nìkan ló dá dúró, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sún mọ́ òun. Akínbíyì rò pé ìgbéraga ni. Inú rẹ̀ dùn, ó ní òun ti rí ẹlẹgbẹ́ òun.

"Ìyẹn ni mo fẹ́."

"Ẹ̀rù ló ń ba ìyẹn, Olóyè. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni, oṣù tó kọjá ló dé láti òkè Ọya. Kò tíì..."

Ẹnu Abdulrauf ni ọ̀rọ̀ wà tí afẹ́fẹ́ fi gbé ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kan kọjá. Ẹṣin funfun náà fò sókè pẹ̀lú ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó gbìyànjú láti gun ògiri, nígbà tí ògiri kọ̀, ó sáré lọ sá pamọ́ sẹ́yìn Màmá, ó ń gbọ̀n jìnnìjìnnì.

"Agbára!" ni Akínbíyì ké. "Ṣé ẹ rí agbára? Akọgun lorúkọ rẹ̀ láti òní lọ."

Bí Akọgun ṣe gba orúkọ nìyẹn: akọni tó ń sá fún ọ̀rá, tó ń sá fún agboòrùn, tó ń sá fún òjìji ara rẹ̀, tó sì ti sá fún ìsó ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lójú Abdulrauf.

Abdulrauf rí i pé Olóyè kò ní gbọ́, ó bá la ọ̀nà tó wà níbẹ̀ sílẹ̀ fún un.

"Ẹ óò máa wá láràárọ̀. Ẹ óò jókòó sórí korobá yìí láàárín ọgbà, ẹ óò kọ ẹ̀yìn sí ẹṣin. Ẹ ò ní ṣe nǹkan kan."

"Nǹkan kan bíi kí ni?"

"Nǹkan kan rárá. Ẹ ò ní pè é, ẹ ò ní fọwọ́ kàn án. Ọjọ́ tó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, òun fúnra rẹ̀ á wá gbóòórùn yín. Ẹni tó bá gbóòórùn rẹ̀ báyẹn ló máa gbà kó gun òun. Wọn kì í rán ẹlòmíràn níṣẹ́ yìí o, Olóyè."

"Ìgbà wo ni mo máa wá pàṣẹ fún un?"

"Tó bá ti gbà pé ẹ kì í ṣe ọ̀rá."

Ẹ ò bá rò pé iṣẹ́ yìí gan-an ni Ọlọ́run dá Akínbíyì fún. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló fi jókòó láìṣe nǹkan kan, wọ́n sì fún un ní ìwé ẹ̀yẹ lé e lórí. Ṣùgbọ́n ti Sẹkitéríàtì ní àga onítìmùtìmù, ó sì ní fáànù.

Lọ́jọ́ kìíní, aago mẹ́fà ni Abdulrauf ní kó dé. Aago mẹ́sàn-án ló dé. Ó wọ agbádá aláwọ̀ ewé, ó wọ awò dúdú, ó fín lọ́fínńdà tó jẹ́ pé ẹni tó wà ní Mọ́kọ́lá lè fi mọ̀ pé ó ti kọjá. Ayàwòrán tó háyà tẹ̀ lé e. Ó wo korobá, korobá wò ó. Ó fi ẹsẹ̀ tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó pàtẹ́wọ́ gbàágbàá.

"Akọgun! Wò mí dáadáa! Èmi ni ọ̀gá rẹ!"

Akọgun kò dúró wo ọ̀gá. Ó ta korobá nípàá, korobá fò kọjá létí ayàwòrán, ayàwòrán ju kámẹ́rà sílẹ̀. Ẹṣin sá gba apá ọ̀tún, Olóyè sá gba apá òsì, ẹni kọ̀ọ̀kan ń wá ibi ààbò tirẹ̀. Ẹ̀yìn Màmá ni àwọn méjèèjì ti pàdé.

Nínú mọ́tò, bí wọ́n ṣe ń padà lọ sí Bódìjà, Akínbíyì ń gbọn eruku agbádá títí wọ́n fi kọjá Mọ́kọ́lá. Lẹ́yìn náà ni ọgbọ́n dé.

"Kàmọ́rù."

"Sà."

"Ṣé o lè jókòó sórí korobá?"

Kàmọ́rù ni dírẹ́bà rẹ̀ láti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn. Ọmọ Ọ̀dàn-Olú lòun náà, ẹgbẹ́ ló bá a wá iṣẹ́ náà nígbà tó kọ́kọ́ dé Ìbàdàn, Agbowó ló sì ń gbé pẹ̀lú ìdílé rẹ̀. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Bí àwọn yòókù bá ń ṣèpàdé nínú gbọ̀ngàn, òun a máa jókòó ti mọ́tò níta. Ẹni tó bá ti wa mọ́tò ní Dùgbẹ̀ fún ọdún mọ́kànlá, tí Akínbíyì jókòó sẹ́yìn tó ń júwe ọ̀nà fún un, kò sí ẹṣin tó lè mú un bínú.

Ètò náà dùn létí Olóyè. Kàmọ́rù yóò máa wọ ọ̀kan nínú agbádá ọ̀gá rẹ̀ àti fìlà ọ̀gá rẹ̀. Ayàwòrán yóò máa ya fídíò rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Olóyè fúnra rẹ̀ yóò máa sùn.

"Èwo ni kí n wọ̀, sà?" ni Kàmọ́rù bèèrè.

"Mú èyí tó gbó. Mo ti wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan."

Bí ó ṣe rí nìyẹn. Láràárọ̀, Kàmọ́rù a jókòó sórí korobá, a kọ ẹ̀yìn sí Akọgun, a máa kùn jẹ́jẹ́ lábẹ́ imú. Ní ọjọ́ kẹfà, imú tútù kan kàn án lọ́rùn. Kò yíjú padà. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ó tẹ́ ọ̀rá kan sílẹ̀, ó sì da ọkà bàbà lé e lórí. Akọgun wo ọ̀rá, ó wo ọkà, ọkà borí. Abdulrauf bẹ oníkẹ̀kẹ́ kan pé kó máa wá páàkì nítòsí ọgbà, kó máa sún mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, kó má sì pa ẹ́ńjìnnì. Alaalẹ́ ni Kàmọ́rù ń fọ agbádá náà, nítorí itọ́ ẹṣin. Nígbà tó di ọjọ́ ogún, aṣọ náà ti rọ̀ bí aṣọ ìgbọ́mọpọ̀n.

Ní ti àwa ọmọ ẹgbẹ́ lórí Wọ́sáàpù, ohun tí a rí ni ẹ̀yìn agbádá kan, orí ẹṣin funfun kan lé èjìká rẹ̀, àti ọ̀rọ̀ tí Akínbíyì kọ sísàlẹ̀: "Èmi àti Akọgun, ọjọ́ kejìlélógún. Sùúrù ni baba ìwà." Àwọn ènìyàn ń dáhùn pé ọmọ ọkọ ni, pé kí ẹ̀mí rẹ̀ gùn. Ó ń kà wọ́n lórí ibùsùn.

Ohun tí Kàmọ́rù bá sọ fún un nínú mọ́tò ló máa ń kó lọ sípàdé. Ọjọ́ Àìkú kan, ó dìde, ó tún agbádá ká sórí èjìká, ó wúkọ́.

"Ẹṣin kì í gbọ́ ariwo, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ìmí ẹni ló ń gbọ́. Bí ìmí rẹ bá balẹ̀, ara òun náà á balẹ̀. Èyí tí mo ń sọ yìí, mi ò rí i kà nínú ìwé. Orí korobá ni mo ti rí i."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Àlhájà Àbẹ̀ḿbí, olórí àwọn obìnrin ẹgbẹ́, na ọwọ́ sókè.

"Olóyè, kí ló dé tí a kì í rí ojú yín nínú fídíò wọ̀nyí?"

"Àlhájà, ẹni tó ń bá ẹṣin sọ̀rọ̀ kì í wo kámẹ́rà."

Wọ́n tún pàtẹ́wọ́. Ẹni tó ní ọ̀rọ̀ wà níta nínú oòrùn, ó ń nu dígí mọ́tò.

Nígbà tó ku ọjọ́ méjì, Akínbíyì gba láti wá sí Sábó fúnra rẹ̀. Bùbá àti ṣòkòtò ló wọ̀, nítorí kò sí ayàwòrán. Kàmọ́rù di ìjánu mú, ó fa Akọgun yí ọgbà ká pẹ̀lú Olóyè lórí rẹ̀ bí àpò ẹ̀wà. Ẹṣin kò ṣe nǹkan kan. Nígbà tí Akínbíyì yóò fi sọ̀kalẹ̀, ó ti gbàgbé pé Kàmọ́rù wà níbẹ̀.

"Ṣé ẹ rí i? Ẹ̀jẹ̀ ni."

Abdulrauf kò rẹ́rìn-ín. "Olóyè, ohun kan ló kù tí a kò tíì borí. Aṣọ tó bá ń pariwo. Ẹ má wọ aṣọ tuntun lọ́jọ́ náà. Èyí tí Kàmọ́rù ń wọ̀ ni kí ẹ wọ̀, ẹṣin ti mọ̀ ọ́n. Ẹ má fi sítáàṣì kan aṣọ rárá."

"Mo ti gbọ́."

Òótọ́ ni, ó gbọ́. Àmọ́ ẹ wò ó pẹ̀lú ojú àánú. Ta ló ń wọ àlòkù lọ jẹ oyè? Ta ló ń lọ gba ìdọ̀bálẹ̀ nínú aṣọ tí dírẹ́bà ti fi nu itọ́ ẹṣin? Ní ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an, ó gbé agbádá gíní funfun tuntun lọ fún alágbàfọ̀ kan ní Ṣàngó. Ó ní kó fi sítáàṣì sí i dáadáa. Alágbàfọ̀ ní báwo ni dáadáa ṣe tó. Ó ní títí aṣọ náà yóò fi lè dá dúró.

Alágbàfọ̀ náà mọ iṣẹ́. Nígbà tí wọ́n gbé agbádá dé Bódìjà, wọ́n gbé e ti ògiri bí ilẹ̀kùn. Ìyàwó Akínbíyì, Bọ́láwùmí, tó ń ta ìwé ní Dùgbẹ̀, fi ìka kan tẹ̀ ẹ́. Ó dún ṣàkà.

"Bàbá Tósìn, ṣé Abdulrauf kò sọ̀rọ̀ sítáàṣì ni?"

"Abdulrauf mọ ẹṣin. Kò mọ oyè."

"Ẹṣin lẹ fẹ́ gùn, kẹ́ ẹ tó dé orí oyè."

"Ìwọ lọ wá gèlè rẹ."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta pé. Pápá ilé ẹ̀kọ́ kan ní Bódìjà ni wọ́n lò. Wọ́n to àga sábẹ́ igi, wọ́n ri àsíá kan mọ́lẹ̀ níbi tí ìyípo yóò ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbé gbohùngbohùn ńlá méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kí mọ́tò tó kún títì ni Kàmọ́rù àti Abdulrauf ti fa Akọgun dé láti Sábó. Wọ́n gba àárín kẹ̀kẹ́ kọjá, wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ ààtàn ọlọ́ràá kọjá, ẹṣin kò ṣẹ́jú. Ó ń fi imú ti Kàmọ́rù lẹ́yìn ọrùn bí ọmọ tó fẹ́ oúnjẹ.

Ayàwòrán há makirofóònù kékeré kan mọ́ ọrùn aṣọ Olóyè, kí ohùn rẹ̀ lè dún ketekete nínú fídíò àti nínú gbohùngbohùn. Olóyè gun orí pèpéle. Àwọn tó wà lẹ́yìn gbọ́ dídún agbádá rẹ̀ kí wọ́n tó gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀.

"Ẹ̀yin ọmọ Ọ̀dàn-Olú! Ẹni tó bá rò pé oyè rọrùn, kó lọ jókòó sórí korobá fún ogójì ọjọ́ bí mo ṣe jókòó! Èmi nìkan! Ọwọ́ yìí ló bọ́ ẹṣin yìí! Lẹ́yìn òní, ẹ ò ní pè mí ní Akínbíyì mọ́!"

Ìyẹn nìkan ni òótọ́ tó sọ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Láti ọjọ́ yẹn, orúkọ mìíràn ni wọ́n ń pè é.

Ó sọ̀kalẹ̀, ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ ẹṣin. Ṣàkà. Ṣàkà. Etí Akọgun dìde. Ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń dún bí ẹni tó ń fún ọgọ́rùn-ún ọ̀rá píọ̀ wọ́tà lẹ́ẹ̀kan náà. Kàmọ́rù fi ọwọ́ ra ọrùn ẹṣin, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ agbádá yẹn. Bùbá yín dára púpọ̀."

"Kí n bọ́ agbádá? Lójú gbogbo ayé? Kúrò níbẹ̀ jàre! Òfin ní kí ẹnikẹ́ni má dìjánu mú."

Kàmọ́rù fi ìjánu sílẹ̀, ó rìn lọ sẹ́bàá àsíá. Ẹnìkan gbé àga wá, Olóyè gun àga, ó gun ẹṣin. Akọgun ń gbọ̀n, àmọ́ ojú rẹ̀ ń wo Kàmọ́rù lọ́ọ̀ọ́kán, ó sì dúró. Ká ní Akínbíyì jókòó jẹ́ẹ́ báyẹn, bóyá a kì bá máa sọ ohun mìíràn lónìí. Ṣùgbọ́n ó rí kámẹ́rà. Ó sì ṣe ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ti ń ṣe fún ogójì ọdún: ó gbá etí agbádá méjèèjì mú, ó sì kó wọn jù sórí èjìká, gbàràgàdà!

Akọgun gbọ́ ariwo ọ̀rá tó pọ̀ jù lọ láyé, lórí ẹ̀yìn ara rẹ̀.

Ó fò. Ó sá. Ìjánu bọ́ lọ́wọ́ Olóyè, fìlà bọ́ lórí Olóyè, ó dì mọ́ ọrùn ẹṣin pẹ̀lú ọwọ́ àti eyín. Bí ẹṣin náà ṣe ń sá ni agbádá ń pariwo, bí agbádá sì ṣe ń pariwo ni ẹṣin ń sá. Ògiri ló yí pápá ká, nítorí náà kò sí ibi tó lè gbà ju kó máa sá yípo lọ.

Ẹ̀yin ará, ohun ìyanu ṣẹlẹ̀. Àwọn èrò dìde, wọ́n ń hó yèè! Wọ́n rò pé eré ìje ni. Ẹni tí wọ́n ní kó kàn yí pápá ká, òun ló ń fi eré ogun yí i yìí! Ẹṣin kọjá níbi àsíá.

"Ọ̀kan!" ni Àlhájà Àbẹ̀ḿbí ké.

"Yéè! Yéè! Yéè!" ni gbohùngbohùn ń dún.

"Ẹ gbọ́ igbe ogun!" ni bàbá kan wí, omi bọ́ lójú rẹ̀. "Bí wọ́n ṣe ń ké e láyé àtijọ́ nìyẹn!"

Ẹṣin tún kọjá níbi àsíá. "Méjì!" Alàgbà Ògúnsànyà alára ti bọ́ awò ojú. Àwọn kan ti ń tún ṣòkòtò ká láti dọ̀bálẹ̀. Ó ku ìyípo kan ṣoṣo. Ká ní Akínbíyì lè pa ẹnu mọ́ fún ìṣẹ́jú kan péré, Sàrùmí ni ì bá jẹ́ títí di òní. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ìdajì ìyípo kẹta ni ẹnu náà là, makirofóònù sì gbé gbogbo rẹ̀ láìku ẹyọ kan.

"Kàmọ́rù o! Wá mú ẹṣin rẹ! Ìwọ lo jókòó sórí korobá, èmi kọ́! Ìwọ lo wà nínú fídíò! Ilé ni mo sùn sí! Kàmọ́rù, mo bẹ̀ ọ́, mo bẹ Ọlọ́run!"

Àwọn tó ti ń tún ṣòkòtò ká tú u sílẹ̀.

Kàmọ́rù kò sáré. Ó bọ́ sójú ọ̀nà ẹṣin, ó kọ ẹ̀yìn sí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn jẹ́jẹ́ bó ṣe máa ń kùn. Akọgun rí ẹ̀yìn tó mọ̀. Ó dúró gbágá, ó gbé imú lé èjìká rẹ̀. Ohun tó wà lórí ẹṣin kò gbọ́ pé wọ́n ti dúró. Ó gba orí ẹṣin kọjá, ó gba orí Kàmọ́rù kọjá, ó sì balẹ̀ pẹ̀lú àyà nínú ẹrẹ̀, nígbà tí ibi àsíá ku ogún ìgbésẹ̀ péré. Akínbíyì dọ́gba pẹ̀lú ilẹ̀. Agbádá nìkan ló ṣì dúró.

Abdulrauf sáré débẹ̀, ẹṣin ló sì kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

"Kàmọ́rù, gùn ún kó rìn díẹ̀. Má jẹ́ kó gbé ẹ̀rù yẹn délé."

Kàmọ́rù bọ́ sálúbàtà sílẹ̀, ó gùn ún. Kò ronú oyè, ara ẹṣin ló fẹ́ kó balẹ̀. Wọ́n ń rìn jẹ́jẹ́, wọ́n kọjá níbi àsíá. Kò sẹ́ni tó ka ìyípo náà. Wọ́n tún yí i ká. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìyípo kẹta, àwọn ènìyàn ti ń wo ojú ara wọn. Nígbà tí wọ́n parí rẹ̀, Alàgbà Ògúnsànyà gbé makirofóònù.

"Ìwọ tó wà lórí ẹṣin, ọmọ ilé ta ni ọ́ ní Ọ̀dàn-Olú?"

"Ilé Àyànkúnlé, sà. Ẹ má bínú, sà, mo ń bọ̀ nílẹ̀ báyìí."

"Dúró síbẹ̀."

Ìgbà náà ni Akínbíyì jí. Ó dìde pẹ̀lú ẹrẹ̀ láti irùngbọ̀n dé ìdodo.

"Alàgbà! Dírẹ́bà mi ni!"

"Òfin kò mẹ́nu ba dírẹ́bà. Òfin ní ọmọ ìlú tó bá yí pápá ká lẹ́ẹ̀mẹta."

"Èmi náà yí i ká! Ó ku ogún ìgbésẹ̀ kó pé ẹ̀ẹ̀mẹta! Tèmi tilẹ̀ yá ju tirẹ̀ lọ!"

"Ẹṣin ló yí i ká, Akínbíyì. Ẹrù ni ìwọ."

Ẹ̀rín sọ ní pápá náà bí ẹni da àgbàdo sórí páànù, orúkọ tuntun rẹ̀, Ẹrù, sì ti jáde. Alàgbà ṣí fìlà, ó fi ọ̀wọ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú dírẹ́bà Agbowó. Àwọn yòókù tẹ̀ lé e, ìlà kan, ìlà kejì. Àlhájà Àbẹ̀ḿbí kúnlẹ̀, ó ń kí Sàrùmí. Kò pẹ́ tó fi jẹ́ pé ọmọ ẹgbẹ́ méjì péré ló ṣẹ́kù lórí ìdúró. Bọ́láwùmí ni ẹni àkọ́kọ́. Òun náà wo ọkọ rẹ̀, ó sì kúnlẹ̀.

"Sàrùmí, ẹ kú oríire o. Bàbá Tósìn, ẹ dọ̀bálẹ̀, wọ́n ń wò yín."

Gbogbo ojú yíjú sí i. Akínbíyì wo apá ọ̀tún, ó wo apá òsì, kò sí ògiri tó súnmọ́ tòsí. Ó tẹ̀ díẹ̀díẹ̀, agbádá ń dún ṣàkà títí àyà rẹ̀ fi kan koríko. Ayàwòrán, tó ti gba owó iṣẹ́ rẹ̀ ṣáájú, kò fi ọjọ́ náà ṣòfò. "Olóyè, ẹ gbé ojú sókè díẹ̀," ni ó wí. "Ẹ rẹ́rìn-ín."

Kàmọ́rù kò lè fara dà á. "Ẹ dìde, sà," ni ó ń bẹ̀ ẹ́ láti orí ẹṣin, ojú ń tì í. "Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá mi, ẹ dìde." Ká ní ó fi í ṣẹ̀sín ni, ì bá dùn ún díẹ̀. Àánú yẹn ló pa á.

Ẹgbẹ́ ní Sàrùmí gbọ́dọ̀ fi ẹṣin délé, wọ́n sì ń kó ara wọn jọ láti sìn ín lọ sí Agbowó. Kàmọ́rù tẹ̀ wálẹ̀ láti orí gàárì, ó fi ọwọ́ méjèèjì na kọ́kọ́rọ́ mọ́tò sí ọ̀gá rẹ̀. Akínbíyì wo kọ́kọ́rọ́ náà bí ẹni tí kò rí irú rẹ̀ rí. Ó ti lé ní ogún ọdún tó ti wa mọ́tò kẹ́yìn. Bọ́láwùmí gbà á lọ́wọ́ Sàrùmí, ó sì ṣáájú lọ.

Akínbíyì dé ìdí mọ́tò, ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń ṣe, ó wọlé, ó jókòó sígun òsì, ó gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀. Ó dúró kí mọ́tò gbéra. Mọ́tò kò gbéra. Ìyàwó rẹ̀ gbé ọwọ́ méjèèjì lé ìdarí ọkọ̀, kò tilẹ̀ wẹ̀yìn.

"Ẹ bọ́ síwájú, Bàbá Tósìn. Dírẹ́bà yín ti jẹ oyè."